Ìlà Méjì ní Pápá Ilé-Ìwé Bwari

Lánàá, àwọn ọmọkùnrin kan wá lẹ pósítà mọ́ ògiri ọgbà mi ní Kubwa láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí n tó jáde sí wọn, wọ́n ti gun ọ̀kadà wọn lọ, wọ́n fi ojú ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ fún mi lọ́nà mẹ́wàá. Mo fẹ́ fà á ya, àmọ́ òórùn ògì tí wọ́n sè ki, tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, dá mi dúró. Ògì náà ṣì ń gbóná. Mo dúró tì í bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, mo sì tún di ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Bwari, ní ìparí ọdún 1990, nígbà tí gbogbo ògiri ìlú ń rùn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀rù sì wà nínú ilé wa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bwari lónìí, pẹ̀lú ilé-ìwé àwọn lọ́yà àti ilé alájà káàkiri, ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá ní àpáta ló pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀ nígbà náà. Láàárọ̀, òkè á bo oòrùn mọ́lẹ̀ títí a ó fi dé ilé-ìwé. Àwọn Gbagyi ló ni ìlú, àwa sì ń gbé láàárín wọn bí àlejò tó ti pẹ́ débi pé ó mọ ibi tí onílé ń fi iyọ̀ sí. Káfíńtà ni Bàbá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ olú-ìlú tuntun, tí wọ́n ń wá ẹni tó mọ pákó í gé. Láti Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ibi iṣẹ́ ní Garki ló ń sùn. Màámi ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ohùn máṣíìnì rẹ̀ ló sì ń jí wa.

Yàrá méjì la háyà lọ́dọ̀ Bàbá Gimba, àgbẹ̀ oníṣu kan tó jẹ́ Gbagyi, Gimba lorúkọ òun fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Laraba, ni ọ̀rẹ́ mi. Ọdún kan náà ni wọ́n bí wa, a sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Hausa la ń sọ lójúde, mo ń sọ Yorùbá nínú yàrá, Gbagyi ni mo sì fi ń bú ènìyàn, torí èébú ni Laraba kọ́kọ́ kọ́ mi. Lẹ́yìn tí Màámi bí àwọn ìbejì, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ òun àti Bàbá mi mọ́. Wọ́n di Ìyá Ìbejì àti Bàbá Ìbejì fún gbogbo àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ìyá Laraba ṣe, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ìbejì ò tíì pé ọdún kan, ara àwọn méjèèjì gbóná, gìrì sì gbé Kẹ́hìndé. Bàbá mi wà ní Garki. Màámi pọn Táyé, kò mọ bí yóò ṣe gbé èkejì. Ìyá Laraba jáde láti ibi tó ti ń dáná, ó gbé Kẹ́hìndé sẹ́yìn, ó sì sáré láìwọ bàtà lọ sí ilé ìwòsàn lórí òkúta ọ̀nà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ ì bá jẹ́.

Ìdìbò wá dé. Àwọn méjì ló fẹ́ ṣe kánsílọ̀ wa. Ọ̀kan ni Tanko, àkọ́bí Bàbá Gimba àti Ìyá Laraba, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun. Èkejì ni Sule, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, tó sì ṣèlérí fún àwa Yorùbá pé òun á fún wa nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ṣèpàdé lórí ìlérí yẹn, wọ́n sì fẹnu kò pé Sule ni gbogbo wa á tẹ̀lé, tọkọtaya. Alága ẹgbẹ́ náà, agbaṣẹ́ṣe kan láti Ọ̀yọ́, ló ń gba iṣẹ́ ilé ní Garki, òun ló sì ń gbé iṣẹ́ fún Bàbá mi. Onílé wa ni bàbá Tanko, ọ̀gá wa wà lẹ́yìn Sule. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ há sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní, ṣebí ìdìbò ni, ta ló máa mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún? Lọ́dún yẹn, kò sí ìwé, kò sí àpótí. Gbangba ni wọ́n ti ń dìbò. Ẹni kan á gbé àwòrán olùdíje dání, ẹni tó bá fẹ́ olùdíje náà á lọ tò sẹ́yìn àwòrán rẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọn á wá ka orí ènìyàn. Onílé ẹ á rí ẹ, ọ̀gá ẹ á rí ẹ, àna ẹ náà á rí ẹ. Wọ́n ní kò ní sí màgòmágó bẹ́ẹ̀, bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ká máa dìbò bẹ́ẹ̀ kò háyà ilé rí láyé rẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́lé, ohùn inú ọgbà wa ń rẹlẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Tanko á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọn á dákẹ́ bí Màámi bá kọjá. Bàbá Gimba, tí kì í jẹ́ kí n kọjá láìbéèrè iye tí mo gbà ní ìṣirò, bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bó bá rí mi. Ní ọjọ́ kan, Laraba fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní, "Tanko ní ẹni tí kò bá tò sẹ́yìn òun, kó lọ wá ilé. Ó tún ní kí n má bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n á fi dìbò." Ó sunkún, èmi náà sunkún, a sì pín ẹ̀pà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mò ń dá jẹun.

Bàbá mi ronú títí, ó sì hùmọ̀ ọgbọ́n kan. Ní alẹ́ Jímọ̀, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Màámi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Èmi á tò sẹ́yìn Sule, kí Alága rí mi. Ìwọ á tò sẹ́yìn Tanko, kí onílé rí ẹ. Inú ò ní bí ẹnikẹ́ni."

Màámi ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé wọn ò lójú ni?"

"Èrò á pọ̀. Ta ló máa ráyè wo ìyàwó oníyàwó?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé bí ẹ ò bá tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo máa wà."

Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Bàbá mi mọ òwe yẹn, òun ló tiẹ̀ kọ́ mi. Mo rò pé ó ní tòun yàtọ̀ ni, torí ẹni méjì ló máa lé e.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọyẹ́ mú, eruku funfun bo pápá ilé-ìwé wa. Àwọn ọkùnrin méjì na àwòrán sókè lórí igi, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, àyè gbalasa sì wà láàárín wọn. Wọ́n lé àwa ọmọdé sẹ́yìn, la bá lọ gun ojú fèrèsé kíláàsì. Laraba jókòó sí fèrèsé tirẹ̀, èmi sí tèmi, a ò wo ara wa. Nínú mi, àdúrà kan ṣoṣo ni mò ń gbà: kí a má kó kúrò nílé Laraba.

Màámi tètè dé. Ó pọn Táyé, Kẹ́hìndé di ìró rẹ̀ mú. Ó lọ tààrà sí ìlà Tanko, ó sì dúró sẹ́yìn Ìyá Laraba gan-an. Lẹ́yìn náà ni Bàbá mi dé pẹ̀lú àwọn ará ẹgbẹ́, wọ́n tò sẹ́yìn Sule. Bàbá mi fi fìlà bojú bí olè. Ohun tí kò fọkàn sí ni pé Alága mú ìwé ọmọ iléèwé kan dání, ó ń fi bírò sàmì sí orúkọ wa nílé-nílé. Ó dé ilé tiwa, ó gbójú sókè, ó wo òkèèrè.

"Bàbá Ìbejì! Ṣé ìyàwó ẹ kọ́ nìyẹn?"

Ìlà méjèèjì yíjú síbẹ̀.

"Lọ mú un wá! Ṣé ọkọ á wà níbí, kí ìyàwó wà lọ́hùn-ún?"

Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Tanko bá figbe ta: "Kai! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí i!" Àwọn méjì jáde pẹ̀lú igi. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀, ó tún jókòó.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo Bwari ló ń wò ó. Ó gba àyè gbalasa yẹn kọjá, eruku ń bo bàtà rẹ̀, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá a lójú. Ojora mú mi débi pé mo fi ìka di etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ariwo kankan. Mo yọ ìka létí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màámi, tó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá Laraba yíjú padà, ó sì kí i gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kí i láràárọ̀.

"Sànnu, Baba Ibeji."

"Yauwa, sànnu," ni Bàbá mi fi dáhùn. Ó ti mọ́ ọn lára.

Màámi kò pariwo, àmọ́ pápá náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ọ. "Bẹ́ ẹ bá máa fà mí, ẹ fà mí. Mi ò tò sẹ́yìn Tanko. Ẹ̀yìn ẹni tó pọn Kẹ́hìndé ni mo tò sí."

Ni ọkùnrin tó ń darí ìdìbò bá fun fèrè. Òfin ni pé bí fèrè bá ti dún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí, wọ́n sì ka orí Bàbá mi mọ́ ti àwọn tó wà lẹ́yìn Tanko. Títí ó fi kú ló ń sọ pé fèrè ló há òun mọ́bẹ̀. Irọ́ ni. Mo wà lójú fèrèsé, mo sì rí i. Ó ti fi ọwọ́ Màámi sílẹ̀, ó ti yípo, ó ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ọkùnrin yẹn tó fi fèrè kan ẹnu.

Ènìyàn méje ni Tanko fi borí. Kí wọ́n tó kéde rẹ̀ tán, Laraba ti bẹ́ láti ojú fèrèsé rẹ̀, ó dì mọ́ mi, àwa méjèèjì sì yí gbiri nínú eruku. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá mi dé Garki, ó bá káfíńtà mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Alága kò bá a jà, kò sì dáhùn ìkíni rẹ̀. Èyí kò yà wá lẹ́nu. Èyí tó yà wá lẹ́nu ni pé kò pé oṣù méjì tí Tanko ránṣẹ́ sí wa. Ó ti di ẹni ńlá, àlejò ń pọ̀, ó sì nílò yàrá méjèèjì láti máa fi gbàlejò. Kò bínú sí wa rárá. Ó ní òun ò lè gbàgbé ohun tí a ṣe, ó ní ká jáde kí oṣù tó parí. Bàbá Gimba lọ sóko, kò wálé fún ọjọ́ mẹ́ta, torí kò mọ ojú tó fẹ́ fi wò wá.

Ọ̀sán gangan la kó jáde. Tanko àti àwọn àlejò rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Wọ́n ní orí ni ọba ara, ta ní ń di ẹrù ru ọba? Èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé. Ìyá Laraba jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé orí máṣíìnì Màámi, irin lásán, ó gbé e lé èjìká, ó sì bọ́ síwájú wa. Tanko fò dìde, ojú tì í níwájú àwọn àlejò rẹ̀. "Mama! Ajiye!" Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ kalẹ̀. Obìnrin náà kò wò ó. Ó gba àárín ọjà kọjá, àwọn ènìyàn jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù wá wò ó, ìyá kánsílọ̀ tó ń bá àlejò kó ẹrù. Ó gbé e dé ilé wa tuntun ní ìkangun ìlú, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì padà sílé ọmọ rẹ̀. Èjìká rẹ̀ bó.

Laraba ti lọ sílé ọkọ ní Kàdúná kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Mo gbọ́ pé ó bí ọmọ mẹ́rin. Mi ò tíì fojú kàn án láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún tí mi ò rántí rẹ̀.

Lónìí, inú kọ̀rọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ka, mo ká ìwé mi, mo sọ ọ́ sínú àpótí, mo lọ sílé. Ọkọ mi pàápàá kò mọ ẹni tí mo tẹ̀ka fún. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ kí ọmọ kankan tún jókòó sójú fèrèsé kó máa wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìlérí àwọn olóṣèlú ṣì wà bó ṣe wà, èyí ò yípadà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, bí mo bá ti ká ìwé náà tán, mo máa ń bi ara mi léèrè: bí wọ́n bá ní kí n jáde sí gbangba lónìí, kí onílé àti ọ̀gá àti ọmọ inú mi rí ẹni tí mo dúró tì, ṣé mo láyà tó àwọn obìnrin méjì yẹn?