Nígbà Tí Wọ́n Fún Opó Náà Ní Ipò

Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé ogun abẹ́lé, bí obìnrin kan bá ń dá ìjà sílẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sábọ̀n Gàrì, Sáríà, ṣe ni àwọn àgbà ìjọ máa ń fi í joyè. Wọ́n ní iṣẹ́ yóò kọ́ ọ níwà. Báyìí ni ìyàwó oníṣòwò aṣọ kan, tí kò sí ẹni tí kò tíì bá jà nínú wa, ṣe di ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.

Opó kan tó ń ta ọṣẹ lẹ́bàá ilé ìtajà PZ ni a rò pé wọn yóò mú. Ẹni yòówù kó dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán an.

Ìyá ẹgbẹ́ tuntun yan àwọn tí yóò máa bẹ aláìsàn wò ní ọjọ́ Sátidé. Ó yan èmi nítorí pé mo kàwé dé girama. Kò yan opó náà. Ìyẹn béèrè bóyá òun ṣì lè máa dá lọ.

Ìyá ẹgbẹ́ ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn tí a yàn ṣe é. Bí kálukú bá ń lọ bó ṣe wù ú, kí la wá ń ṣèpàdé sí?”

Opó náà ní kò burú. Èmi ni inú ń bí. Mo lọ bá Bàbá Ìjọ, olórí àwọn àgbà ìjọ, nílé rẹ̀ ní GRA. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, ní sùúrù. O ò rí i pé ìyá ẹgbẹ́ yín kò bá ẹnikẹ́ni jà mọ́?”

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn mọ́ ni.

Nígbà tó yá, oyún bàjẹ́ lára aládùúgbò mi kan lọ́jọ́ Ajé. Mo sáré sọ fún ìyá ẹgbẹ́. Ó ní Sátidé kò jìnnà. Nígbà tí mo padà dé, mo bá opó náà létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fún aláìsàn ní kúnú gbígbóná mu.

Ó wò mí. “Ìjọ kọ́ ló rán mi o. Èmi ni mo wá.”

Ní Sátidé, àwa tí a yàn débẹ̀. A kọrin, ìyá ẹgbẹ́ sì gbàdúrà, ó gùn. Aládùúgbò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ bóyá Màmá ọlọ́ṣẹ ń bọ̀. Ìyá ẹgbẹ́ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ le.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n fún opó náà ní iṣẹ́: kó máa gbá ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ Sátidé, ní wákàtí tí àwa ń lọ bẹ aláìsàn wò. Mo wo ojú Bàbá Ìjọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n má bínú mọ́, opó náà ti ní ipò báyìí.