Ohùn Tó Dáhùn ní Ilé Kejìlélọ́gbọ̀n

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì. Kì í gbójú sókè kúrò lára rẹ́jísítà. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá dáhùn, kó tó pa ẹnu dé, Màmá Tíṣà ti ní kó dìde. Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń pè é nìyẹn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ onílé fi í ṣe akọ̀wé. Wọ́n rò pé arúgbó tí kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọn ò ronú jinlẹ̀.

Ó ti pé ọdún méjì tí alága ti ti géètì ẹ̀yìn pa. Ó ní nítorí olè ni. Mo ka gbogbo ìwé ìpàdé wọn. Kò sí olè kankan tó gba ibẹ̀ rí. Ilé mẹ́sàn-án tó wà lọ́nà ẹ̀yìn ló wá ń fẹsẹ̀ yí àdúgbò ká kí wọ́n tó dé títì. Ilé Màmá Tíṣà wà nínú wọn, orúnkún rẹ̀ ò sì dára. Nínú ìgbìmọ̀, òun nìkan ló ti ọ̀nà ẹ̀yìn wá, akọ̀wé kì í sì í dìbò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí obìnrin wẹ́dà tó ń gbé, tó sì ń jó irin pọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá Tíṣà fi jáde du ipò alága. Ìlérí kan ṣoṣo ló ṣe: "Ọjọ́ tí mo bá wọlé ni mo máa gé àgádágodo yẹn dànù." Kò sẹ́ni tó fẹ́ kó wọlé tó Màmá Tíṣà.

Ọjọ́ ìdìbò, gbọ̀ngàn kún. Òfin wọn rọrùn: akọ̀wé á pe nọ́ńbà ilé, onílé tó wà níjokòó, tàbí ẹni tó bá kọ ìwé fún kó bá a dáhùn, á dárúkọ ẹni tó fẹ́. Ilé kan, ohùn kan.

"Ilé kẹrìnlá?"

"Alága!"

Bíírò dúró. "Ìwọ tó dáhùn yìí, ìwọ náà lo dáhùn ní ilé kẹfà. Dìde."

Àna alága ni. "Mà, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí, ohùn mi ló yí."

"Ọ̀fìnkìn kì í sọ ilé kan di méjì. Jókòó."

Ẹ̀rín sọ. Ó tún mú ẹni méjì mìíràn bẹ́ẹ̀, èèyàn alága làwọn náà. Alága ń nu òógùn. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀.

"Ilé kejìlélọ́gbọ̀n?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé onílé yẹn rìnrìn àjò. Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn láti ẹ̀yìn: "Wẹ́dà!"

Màmá Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ dìde."

Ọkọ rẹ̀ ni, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Onílé náà ló ní kí n bá òun dáhùn."

"Ṣé ó kọ ìwé fún yín?"

"Rárá."

"Ẹ jókòó, sà." Ó fagi lé ohùn náà.

Ohùn mọ́kàndínlógún fún alága, méjìdínlógún fún wẹ́dà. Alága bọ́ síwájú: "Akọ̀wé wa, olóòótọ́ ni yín!" Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ohùn irọ́ mẹ́ta mọ́ lọ́wọ́ ló ń yin olóòótọ́. Mi ò gbàgbé, mi ò sì ní gbàgbé.

Wẹ́dà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ sáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn kan péré ni."

"Mo ti kọ ọ́."

A gba ọ̀nà jíjìn lọ sílé. Bàbá ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí orúnkún ìyàwó rẹ̀ kọ̀ fún un láti rìn, ó dúró, ó na apá sí i láì wo ojú rẹ̀.

"O ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Èmi tí mo yí ohùn padà!"

"Bí ewúrẹ́ lẹ dún, Bàbá wa."

Ó fajú ro títí, kí èjìká rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín.