Télọ̀ Tó Mọ Orírun Àlàáfíà

Ẹnu télọ̀ yìí kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí maṣíìnì. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, oríṣiríṣi èdè ló sì ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Bó o bá gbé aṣọ wá, kó o tó jókòó, á ti bi ọ́ pé, "Kí lẹ ń pe èyí lédè yín? Ta ló kọ́kọ́ ni ín?" Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ta-Ló-Ni-Ín.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni àlàáfíà. "Ẹ rò pé tiwa ni?" Á gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀. "Ẹnu Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá; ara líle ló jẹ́ lọ́hùn-ún. Haúsá gbà á, ó di lafiya. Àwọn tó ń sọ Súwàhílì ní afya. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, a ní ara líle nìkan ò tó, a fi ìfọ̀kànbalẹ̀ kún un. Ẹ ò rí ọ̀kánjúwà wa!"

Ìyàwó rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á pòṣé. "Baálé mi, ọ̀rọ̀ ò lè kún ìkòkò ọbẹ̀ o."

Àfi bí àìsàn ṣe wọlé dé bá ìyàwó náà. Dókítà ní kíndìnrín ni. Kí ohùn obìnrin náà tó lọ, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú: "Ẹ má sọ fún màámi o. Àyà wọn ò gbà á mọ́."

Láràárọ̀ sì ni ìyá ìyàwó ń pè lórí fóònù. "Àna mi, ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, mà."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó ń sùn, mà."

Ẹ gbà mí, kí lèèyàn ń ṣe nínú irú èyí? Bó bá sọ ọ́, ó lè pa ìyá. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ lè lọ láìgbọ́ ohùn ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé ìwòsàn, dókítà pè é sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe mọ́. Bó ṣe padà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀ ni fóònù dún.

"Àna mi, ṣé àlàáfíà ni?"

Télọ̀ lanu láti dáhùn. Ẹkún ló bú jáde.

Ìyá ò pariwo. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ohùn ẹ ti ń tú ẹ láṣìírí tipẹ́. Gbé fóònù sí i létí."

Ó gbé e sí i létí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ tó ń pe ọmọ náà nígbà tó ṣì ń pọ̀n ọ́n. Ó pè é, ó dúró, ó tún pè é. Ìyàwó ò mira.

"Ṣé ó ń gbọ́ mi?" ni ìyá bi í.

Télọ̀ wo ojú ìyàwó rẹ̀ títí.

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹ ṣáà máa pè é."