Ọ̀já Àbẹ̀ẹ́bí Tó Wà ní Ilé Olóbì

Kúbúrátù aláṣọ kì í ṣe ẹni tí ń kábàámọ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti ń ta aṣọ ní Ọjà Kékeré nílùú Niamey, níbi tí wọ́n bí i sí, bó bá sì ta ìgàn aṣọ kan tí kò jèrè, á ní ohun tó lọ ti lọ ná, á tún òmíràn ká síwájú. Ohun kan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ pé bó bá rántí rẹ̀, á máa mi orí. Ó fi ọ̀já ìyá rẹ̀ tọrẹ.

Ẹ má fojú di ọ̀já yẹn o. Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá Kúbúrátù, ló dì í mẹ́rù láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ń bọ̀ wá bá ọkọ rẹ̀. Aṣọ òfì ni, àlàárì pupa fòò, bàbá Àbẹ̀ẹ́bí ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Àbẹ̀ẹ́bí fi pọn ọmọ mẹ́fà. Kúbúrátù gbà á, ó fi pọn mẹ́rin. Ọmọ mẹ́wàá ló sùn nínú ọ̀já kan náà, kò sì sí èyí tó kú ní kékeré. Kúbúrátù kò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà. Ẹni tí ara bá dẹ̀ kì í béèrè ohun tó fà á.

Báwo ló ṣe wá jáde nílé? Ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ilé alájà kan wà létí odò tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bùkárì, olówó obì, kọ́ láyé àwọn Faransé. Ilé Olóbì ni àwọn Yorùbá ń pè é. Bùkárì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n káàkiri, àdán wá jogún òkè àjà. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àwọn kan dìde pé àwọn máa tún ilé náà ṣe, kí àwọn kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú pa mọ́ síbẹ̀, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó ń gbé Niamey wá mú nǹkan àtijọ́ kan wá. Àwọn Zarma gbé àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, àwọn Hausa gbé gàárì ẹṣin tó dára bí ọ̀ṣọ́ ìyàwó. Àlàmínì, olórí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, wá pe ìpàdé pé ojú kò gbọdọ̀ ti àwọn. Ẹnì kan ní òun ní àtùpà tó ti dípẹtà. Ẹlòmíràn ní òun ní fáńpù tí bàbá òun fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Kúbúrátù kò lè jókòó wò wọ́n mọ́. Ó dìde, ó lọ sílé, ó gbé ọ̀já dé, ó tú u sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Àlàmínì ṣàdúà fún un. Wọ́n mú ìwé Faransé kan wá, ó tẹ̀ka sí i, inú rẹ̀ ń dùn. Sùmáyyà àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà ní yunifásítì nígbà náà, kò tíì mọ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ pípọ̀n kò sì sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Sùmáyyà wá fẹ́ Ùmàr, ọmọ Ìlọrin kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Lamordé, àdúgbò kan lódìkejì odò. Àkọ́bí wọn lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èkejì lo oṣù méjì. Ibà ló kọ lu èkejì yìí. Sùmáyyà pọ̀n ọ́n, ó forí lé ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, obìnrin kan kí i, ó ní ọmọ rẹ mà ń sùn dáadáa o, Ọlọ́run á wò ó. Sùmáyyà dúpẹ́. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun.

Ọmọ kẹta, obìnrin, Zàlìhà, ti pé oṣù mẹ́ta nígbà tí ohun tí à ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì tíì pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ méjèèjì ni Sùmáyyà fi ń gbé e, níwájú, kó lè máa rí ojú rẹ̀. Á wò ó, á fi ìka sí abẹ́ imú rẹ̀, á tún wò ó. Oúnjẹ ń jóná lórí iná. Ìyá ọmọ ń gbẹ. Ó ra kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ kan ní ọjà Katako, ti àlòkù, ṣùgbọ́n yanrìn Lamordé gbé táyà rẹ̀ mì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí ẹlòmíràn bá sì ní kó gbé ọmọ wá kí òun pọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ á yí padà. Àwọn ará ilé ní ìwà òyìnbó ló ń hù. Kúbúrátù bú wọn débi pé wọ́n pa ẹnu mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, kí ni wọ́n ń fẹ́ kó ṣe?

Síbẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó mú ọ̀já wá láti ìsọ̀ ara rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ọmọ rẹ̀ tò wọ́n sínú àpótí. Nígbà tó wá pọ̀ jù, Sùmáyyà wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ìyá, èyí tí ẹ fi pọn àwa ńkọ́? Ẹnì kankan kò kú nínú ìyẹn."

Kó lè fi pa á lẹ́nu mọ́ ló ṣe sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé kò sí nílé mọ́. Ùmàr tó wà nítòsí ní aṣọ kì í pa ẹ̀dá, aṣọ kì í sì í gba ẹ̀dá là, Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Kúbúrátù ní òótọ́ ni àfáà sọ. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè, ó dé, ó ní kí Sùmáyyà wọṣọ, kó gbé ọmọ, wọ́n ń lọ sí Ilé Olóbì.

Tákísì gbé wọn kọjá afárá, ó já wọn sí ẹnu ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n fi irin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tó gbà wọ́n lálejò ni Hàdìzà, ọmọbìnrin Zarma kan tó wọ awò ojú, òun ni alámòójútó ibẹ̀. Ó ń pe Kúbúrátù ní Hájíà. Kúbúrátù kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n kò sọ fún un. Èdè Zarma ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Kúbúrátù ní ohun kan ṣoṣo ni òun wá wò. Hàdìzà ní rárá, bí a ṣe ń rìn ín wà, òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gun òkè. Wọ́n rí ibùsùn Bùkárì, wọ́n rí òṣùwọ̀n rẹ̀, wọ́n rí tẹlifóònù dúdú kan tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ògiri, ó ń dán, ó sì tutù. Ní kékeré, Kúbúrátù máa ń bá ìyá rẹ̀ gbé aṣọ wá tà fún àwọn ìyàwó ilé yìí, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá àgbàlá. Ó ti rò ó láti ọjọ́ yẹn pé ààfin ló wà lókè. Yàrá kéékèèké ni. Ó ní ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí.

Yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí Bùkárì ń kó agbọ̀n obì sí, ni wọ́n kó ẹrù àwọn àlejò tó wá ṣòwò nílùú láyé àtijọ́ sí. Ère igi ọkùnrin kan dúró síbẹ̀, ó wọ agbádá, ó dé fìlà. Ọ̀já Àbẹ̀ẹ́bí wà lọ́rùn rẹ̀, etí aṣọ náà méjèèjì já wá sí àyà. Sùmáyyà ka ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ère. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìborùn àwọn bọ̀rọ̀kìnní Yorùbá ni.

Kúbúrátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i. Ó ní ọ̀já tí ọmọ mẹ́wàá tọ̀ sí lára lẹ wé mọ́ bàbá olóyè lọ́rùn! Ojú ti Hàdìzà. Ó ní àwọn tó gba ẹrù nígbà náà ti lọ, aṣọ àtijọ́ nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé. Kúbúrátù ní kò burú, kó dá a padà.

Hàdìzà ní kò ṣeé ṣe. Kúbúrátù ní kó yá òun fún oṣù kan. Kò ṣeé ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Ọjọ́ kan? Hàdìzà mú ìwé tí Kúbúrátù tẹ̀ka sí jáde, ó kà á fún un: ọrẹ títí láé. Ó ní bí ohunkóhun bá jáde nínú ilé yìí, iṣẹ́ òun ló lọ yẹn. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Sùmáyyà ní kí ìyá òun jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ká má tan ara wa jẹ, ara tù ú.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti ta aṣọ fún ogójì ọdún mọ ìgbà tí a ń ká ọjà kúrò nílẹ̀. Kúbúrátù ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n máa fi ọ̀já ìpọnmọ dá ọkùnrin lọ́rùn lọ, àwọn Yorùbá tó bá wọlé á kàn máa fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì máa kọ irọ́ sínú ìwé wọn. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Hàdìzà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ní jọ̀wọ́, Hájíà, báwo ni wọ́n ṣe ń dì í? Kúbúrátù ní kò ṣeé fẹnu sọ, ọmọ ni a fi ń fi hàn.

Hàdìzà wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó tú ọ̀já lọ́rùn ère, ó ní òun máa ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń dì í, kí òun lè tún ìwé náà kọ. Kúbúrátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n gbé Zàlìhà wá. Sùmáyyà fà sẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó ní rárá. Hàdìzà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní àwọn lè ká aṣọ mìíràn bí ọmọ. Wọ́n ká a, Kúbúrátù pọ̀n ọ́n. Aṣọ náà yọ̀ ṣubú sílẹ̀.

Kúbúrátù kò gbé e nílẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá.

"Èmi ni mo ṣi nǹkan ṣe. Mo fi ọ̀já yín gba àtẹ́wọ́, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. N kò mọ̀ bóyá ó lè ṣe nǹkan kan. Ùmàr ní kò lè ṣe é, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ò lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ títí á fi lọ sílé ọkọ, Sùmáyyà. Ọwọ́ rẹ á já."

Sùmáyyà ti ń sunkún. Ó ní, "Bí mo bá pọ̀n ọ́n, n kò ní rí ojú rẹ̀."

Kúbúrátù kò tíì ronú kan ibẹ̀ rí. Gbogbo bó ṣe ń kó ọ̀já wá, kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú ni.

"Èmi á máa wò ó," ni ó wí. "Èmi á wà lẹ́yìn rẹ, màá máa sọ fún ọ."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Sùmáyyà tó kúrò lára ògiri. Ó tẹ̀ba. Ìyá rẹ̀ gbé ọmọ lé e lẹ́yìn, ó fi aṣọ bò ó, ó fa ọ̀já gba abẹ́ ìdí ọmọ, ó mú un wá sókè ọyàn, ó lọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú. Hàdìzà ń ya fọ́tò, ó ń béèrè ìdí èyí àti ìdí tọ̀hún. Sùmáyyà dúró gan-an, kò mí dáadáa. Kúbúrátù lọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní ó ń mí. Ó ní ó lajú sílẹ̀. Ó ní ó ń mu ìka. Sùmáyyà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Wọ́n yí yàrá náà ká, wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n tún wọlé, ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń ròyìn. Nígbà tó ní ó ti sùn, Sùmáyyà dúró lójijì, ó ní ṣé oorun ni. Kúbúrátù ní oorun ni, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sára rẹ. Sùmáyyà bá tún ń rìn lọ.

Ọ̀sán pọ́n, àkókò tó kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Hàdìzà dúró pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò mọ bí òun ṣe máa béèrè aṣọ náà. Sùmáyyà ló tú u fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ gba ọmọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó dúpẹ́ ní èdè Zarma. Inú Kúbúrátù bàjẹ́, ó rò pé ó ti parí nìyẹn. Sùmáyyà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ sí apá kan, ó kọjú sí i.

"Ìyá, ẹ tú ìró òkè yín fún mi."

Ìró méjì ni Kúbúrátù ró. Ó tú èyí tó wà lókè, Sùmáyyà sì tẹ̀ba láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní ẹnu ọ̀nà, Kúbúrátù nawọ́ dá tákísì dúró. Sùmáyyà ní kí awakọ̀ máa lọ. Ó ní bí òun bá wọ ọkọ̀, òun máa ní láti sọ ọmọ kalẹ̀, òun á fẹsẹ̀ rìn ín. Oòrùn ń ta, orúnkún ń dun Kúbúrátù, afárá yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Kò jiyàn. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣáájú, ó sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ń lọ, àwọn ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Sùmáyyà kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé àárín afárá, orí ọmọ náà wọ́ sápá kan. Kúbúrátù yára, ó nawọ́, ó tún un ṣe.

"Ó ń mí," ni ó wí.