Iṣu Tí Mo Gbé fún Onílẹ̀

Bí àwọn èèyàn bá rí mi nínú aṣọ agbejọ́rò ní kóòtù Ìkọ̀lé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ni pé mo ga jù. Wọn ò mọ̀ pé gíga yẹn ló sọ mí di agbejọ́rò. Ọmọ àgbẹ̀ Àsin-Èkìtì ni mí. Ká ní n kò mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá ni, oko bàbá mi ni ǹ bá wà títí dòní. Bọ́ọ̀lù ló mú kí yunifásítì fẹ́ mi. Nígbà tí orúnkún mi fi máa bàjẹ́, mo ti wọ kíláàsì òfin.

Tíṣà kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Ìkọ̀lé ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù náà. Ará Ọ̀yẹ́ ni, kì í ṣe ọmọ Ìkọ̀lé. Baálé agboolé kan ló fún un ní igbó kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó ní kó gbà á fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ títí ayé. Ẹnu lásán ni baálé fi sọ ọ́. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ṣán igbó náà, ó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ri òpó básíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì mọ́lẹ̀ títí ó fi di pápá. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ló ṣì ń wà pẹ̀lú fèrè lọ́rùn.

Baálé kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ bàbá àwọn ni, àwọn fẹ́ tà á fún ẹni tó máa kọ́ ilé epo. Láti ìgbà tí yunifásítì ti dé Ọ̀yẹ́ ni ojú àwọn onílẹ̀ agbègbè wa ti là. Itẹ́ òkú nìkan ló kù tí wọn ò tíì tà. Tíṣà wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ní, “Ìwọ ni mo ní.” Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un pé wọn ò ní gba pápá náà.

Ẹjọ́ náà ń lọ dáadáa títí àkọ́bí baálé fi bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Àgbàlagbà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni.

“Bàbá mi yá wọn ni,” ó wí. “Ọdọọdún lọ́n ń gbé usu wá sí ulé wa, bí usu tuntun bá ti dé. Uṣákọ́lẹ̀ ni, ohun tí ẹni tó yá ulẹ̀ ń san fún onílẹ̀.” Ó wá nawọ́ sí mi. “Lọ́yà tó dúró yìí gan-an ló ń rù ú wá. Òun ló ga jù láàárín wọn.”

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, irọ́ ló fi pa. Tíṣà ló máa ń rán mi kí n lọ fi iṣu náà dúpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn. Mo bi ẹlẹ́rìí náà pé, “Bàbá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọpẹ́ ni iṣu yẹn?”

“Ọmọ mi, bí ulẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni, ta ni ẹni ń gbé usu fún?”

Agbejọ́rò kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ tó ń rò. Mo mọ òtítọ́, mo sì jókòó tì í bí odi. Adájọ́ dá wọn láre.

Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣì wà. Mo kìlọ̀ fún Tíṣà pé kó má sún mọ́ agboolé yẹn. “Bí ẹ bá lọ bẹ̀ wọ́n, ẹ ti gbà pé àwọn ló nilẹ̀ nìyẹn. Ẹjọ́ wa kú.” Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n sin òun lọ kí àwọn kan. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agboolé náà ni mo tó mọ ibi tí à ń lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Fi mí sílẹ̀,” ó wí. “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí níbí. Láàárín wọn ni mò ń gbé, àwọn ọmọ sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́la.”

Ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tòun ti egungun arúgbó rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lo ulẹ̀ yín títí ẹ ó fi rí ẹni rà á.”

Ó tán. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ẹjọ́ tí mo ń sáré kiri lé lórí. Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí àwọn tó ja wá lólè lọ.

Àkọ́bí baálé ní kò burú, kí wọ́n máa lò ó ná. Ó wá kọjú sí mi, ó ń dúró kí àyà mi náà kan ilẹ̀. Gbogbo agboolé ń wò mí. N kò tẹ̀, n kò sì kí ẹnikẹ́ni.

Tíṣà gbójú sókè láti ilẹ̀ tó wà. “Ẹ má bínú sí i, ẹ̀yin àgbà,” ó wí. “Èmi ni n kò kọ́ ọ dáadáa.”

Wọ́n sì dárí jì mí.