Àwọn Dìsíkì Inú Dúrọ́ọ̀ Máṣíìnì Mi

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí. Orí mi ò gbé nǹkan dúró mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ àti oṣù tó bọ́ sí ti dà pọ̀ mọ́ra wọn. Èyí tí mo bá rántí ni mo máa sọ. Ìwọ ọmọ ọmọ mi, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe.

Télọ̀ ni mí. Àbíjàn ni mo ti ń ránṣọ kí n tó padà sí Èjìgbò. Òyìnbó Faransé kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rán kọ́tìnì fún. Nígbà tí mésíyé, bí a ṣe ń pe òyìnbó yẹn, ń padà sí ìlú wọn, ó fún mi ní kámẹ́rà kan. Ó tóbi, ó sì wúwo. Kò lo fíìmù. Dìsíkì ni wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ike pẹlẹbẹ kan báyìí, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Tí o bá ya ẹnì kan, á máa ké kìrìkìrì, wàá dúró kó ké tán kí o tó ya òmíràn. Tó bá ti gba àwòrán bí ogún, ó ti kún nìyẹn.

Ìyàwó mi, ìyá bàbá rẹ, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá àwọn ọmọ, ṣé inú ike yìí ni ẹ sọ pé mo wà?”

“Inú ẹ̀ lo wà.”

“Ẹ tètè yọ mí jáde o, mo gbé ọbẹ̀ kaná.”

Mo fi hàn án lójú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní imú òun ò tóbi tó yẹn.

Mo gbé dìsíkì lọ bá onífọ́tò àdúgbò wa. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní kí n lọ mú fíìmù wá. Bí a ò ṣe rí i tẹ̀ sórí bébà nìyẹn. Àǹtí rẹ, àbúrò bàbá rẹ, ò tíì máa rìn nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Mi ò fẹ́ sọ ìyẹn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé, Àbíjàn dàrú. A sá. Gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri, ibẹ̀ la fi wọ́n sí. Àwọn ọmọ, orí máṣíìnì mi, kámẹ́rà àtàwọn dìsíkì ni mo rí kó dé Èjìgbò. Nítorí náà, tí a bá ń wá ojú ìyàwó mi láyé yìí, inú àwọn dìsíkì yẹn nìkan ló kù sí. Àǹtí rẹ ò mọ̀ ọ́n. Tó bá ń wo dígí, á bi bàbá rẹ pé, “Bọ̀dá, ṣé mo jọ wọ́n?”

Kámẹ́rà ò tan mọ́. Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú àpótí. Dìsíkì márùn-ún, mo kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, torí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ télọ̀. Ibẹ̀ náà ni mágínẹ́ẹ̀tì mi wà, èyí tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀. Tí mo bá lò ó tán, orí àwọn dìsíkì yẹn ni mo ń gbé e lé. Ọdún púpọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àǹtí rẹ gbọ́ nípa tíṣà kan ní Ìsúndúnrín tó ń tọ́jú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará wa tó ti Kọtidifúà dé ń kó tiwọn fún un. A kó kámẹ́rà àtàwọn dìsíkì dání, a gun ọ̀kadà lọ. Tíṣà to kámẹ́rà àwọn èèyàn sórí pẹpẹ, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn fún mi.

“Bàbá, àwọn tó kọ́kọ́ jáde nìyí. Èyí ò ní gíláàsì lẹ́yìn, ẹ ò ní mọ ohun tí ẹ yà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni irú tiyín dé, onídìsíkì. Ìgbà tí káàdì kéékèèké wá dé, àwọn èèyàn da gbogbo wọn sí ààtàn.”

Ó máa ń yọ bátìrì wọn kí omi ẹ̀ má baà jo sínú wọn. Ó ń fi òwú nu ẹnu irin wọn jẹ́jẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ wù mí.

Ó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ń gba dìsíkì. Ó ki àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ó ké, ó ké. Òfìfo. Ìkejì, òfìfo. Àǹtí rẹ dìde dúró. Ìkẹta, òfìfo.

“Bàbá, ibo lẹ kó wọn sí?”

“Inú dúrọ́ọ̀.”

“Ṣé kò sí mágínẹ́ẹ̀tì nítòsí wọn? Ohunkóhun tó ń fa irin? Ó máa ń pa àwòrán inú wọn rẹ́ ni.”

Àǹtí rẹ ń wò mí lẹ́nu.

“Kò sí,” ni mo wí.

Kọ ọ́. Mo ní kò sí.

Ìkẹrin, ìkarùn-ún, òfìfo. Tíṣà wá ṣí ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ó bá ọ̀kan níbẹ̀ tí mo ti gbàgbé. Ìyẹn ṣí. Kọ́tìnì òyìnbó ló wà níbẹ̀, kọ́tìnì, kọ́tìnì. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó pọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ojú ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ló hàn. Àǹtí rẹ nìyẹn.

“Ojú wọn dà?” ó bi mí.

“Ó wà nínú àwọn yòókù.”

Ló bá yíjú sí tíṣà. “Ìwọ lo bà á jẹ́! Dìsíkì tí bàbá mi tọ́jú láti Àbíjàn, o ki gbogbo wọn bọ inú páńtí ẹ yìí, o pa ìyá mi rẹ́!”

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó ṣí yìí ńkọ́? Ẹ̀rọ kan náà ni.”

“Má pè mí ní àǹtí! Alákòójọ ààtàn!”

Tíṣà wò mí. Ó jọ pé ó ti mọ̀. Àgbà ni mí, kò tú àṣírí mi. Mo gbé kámẹ́rà mi, mo tẹ̀lé àǹtí rẹ jáde.

Àǹtí rẹ ti sọ ọ́ kárí Èjìgbò, ó sọ ọ́ dé Másífà. Àwọn èèyàn lọ ń gba kámẹ́rà wọn padà. Lẹ́yìn Jímọ̀ tó kọjá, ẹnì kan sọ létí mi ní ìta mọ́ṣáláṣí pé òun gba tòun, òun sì jù ú sí kòtò. Wọ́n ní pẹpẹ tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pe àǹtí rẹ pé kó wá jókòó. Tó bá ti ní, “Bàbá mi, kí lẹ fẹ́?” màá ní kó bu omi fún mi.

Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Pè é wọlé. Kí o kà á sókè látìbẹ̀rẹ̀, kí èmi náà gbọ́ ọ. Tó o bá dé ibi tí mo ti ní kò sí, má rẹ ohùn ẹ sílẹ̀.