Ọ̀fun Lawrence Ṣì Ń Mí ní Ìlọrin

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ ní kí n gbé e fún Ọlọ́run. Àwọn ọmọ mi ní kí n dákẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni, ẹ jẹ́ kó ru. Lawrence Babátúnjí, àbúrò mi kan ṣoṣo, tó ṣe tíṣà fún ọdún mọ́kàndínlógún ní Òkè-Ọdẹ, kú lásìkò òjò, oṣù kẹsàn-án tó kọjá yìí, níwájú pátákó tó ń kọ ìṣirò sí. Ìgò oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn ṣì kún un dé ìdajì. Kí ló wá pa á?

Kíláàsì kejì ni mo ka ìwé dé, ṣùgbọ́n èyí yé mi. Asímà ló ń dí Lawrence ní mímí láti kékeré. Àyà mi ló máa ń gbé orí lé títí èémí rẹ̀ á fi balẹ̀. Nígbà tó dàgbà, wọ́n fún un ní ìgò tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́nu, oògùn á tú jáde fùú, á sì fà á sínú.

Lọ́dún 1985, Dókítà Tìjání wá láti ilé àyẹ̀wò oògùn kan ní Ìlọrin. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oògùn yẹn ń dúró sí lọ́nà ọ̀fun. Mo bá Lawrence lọ. Wọ́n ki ohun rírọ̀ kan bí amọ̀ sí i lẹ́nu, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mira. Nígbà tí ohun náà le, wọ́n yọ ọ́, òun ni wọ́n fi ṣe ère ọ̀fun mìíràn, tó bá tirẹ̀ mu gẹ́lẹ́, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

Mo ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Níbo ni gbogbo iyán mi ń gbà kọjá?"

Lawrence ní, "Ẹ̀gbọ́n, iyán yín náà ló tẹ ọ̀nà wọ́ báyẹn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Tíṣà, oṣù mẹ́ta péré la ó fi yá a. Ẹ ó gbà á padà."

Ó kọ lẹ́tà lẹ́yìn náà. Ó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fín oògùn sí ọ̀fun náà, wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n wọn ohun tó bá omi jáde. Nínú ìdá mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n, tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ike gbọọrọ kan tí a ń fi sáàárín ìgò àti ẹnu, tí oògùn fi ń kọjá dé ẹ̀dọ̀fóró. Ike Lawrence ń bọ̀, ni wọ́n kọ.

"Ó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ìjọba ni, wọn kì í yára." Ọdún méje ni Lawrence fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo wọ mọ́tò lọ sí ilé àyẹ̀wò náà ní Ìlọrin. Mo ní mo wá gba ọ̀fun Lawrence. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Asisat ló dá mi lóhùn.

"Ta ni Lawrence, Màmá?"

"Ẹni tó ni ọ̀fun yẹn."

"Ọ̀fun Kẹta? Ẹ má bínú, Màmá, ti ìjọba nìyẹn. Ó ní nọ́ńbà."

Ó mú mi wọlé lọ wò ó. Ẹ̀rọ ń fa afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀fun náà kọjá, fìì, fìì. Àbúrò mi wà nínú ilẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń mí lójú mi. Mo dúró tì í títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Ike gbọọrọ náà kún kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ọ̀gá ò tíì buwọ́ lùwé kí wọ́n lè pín in. Ọdún méje! Ṣé ọwọ́ ọ̀gá rọ ni?

Ní Èsìẹ́, nítòsí wa níbí, àwọn ère òkúta tí a ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, ìjọba kọ́ ilé fún wọn, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọmọ yín ní ìṣirò, tó tún la ẹnu sílẹ̀ fún yín, ta lẹ fi ṣọ́ ọ?

Wọ́n ní ère lásán ni ọ̀fun náà. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, ṣebí irun àti èékánná rẹ̀ là ń mú wálé sin? Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé ọ̀fun yẹn kì í ṣe ara Lawrence?

Dókítà Tìjání, ẹ dárúkọ ẹni tí kò buwọ́ lùwé, ní gbangba. Ẹ pín ike yẹn fún àwọn tó ṣì wà láàyè. Kí ẹ sì gbé ọ̀fun àbúrò mi wá sí Òmù-Àrán níbí, níbi tí a sin ín sí. Ẹ yá a ni. Ẹ dá a padà.